Wọ́n Fún Wáìnì Olówó Pọ́ọ́kú Ní Góòlù! Ṣé Àmì Ẹ̀yẹ Ara Ìgò Tó Gbára Lé?

Lọ́dún 2023, àwọn akọ̀ròyìn tẹlifísàn RTBF nílẹ̀ Bẹ́ljíọ́ọ̀mù dá ọgbọ́n kan tó ya ọ̀pọ̀ àwọn tó ń mu wáìnì lẹ́nu. Wọ́n ní ètò kan tí wọ́n fi ń gbèjà òǹrajà lọ́wọ́ oníṣòwò ẹlẹ́tàn. Bí èèyàn bá túmọ̀ orúkọ ètò náà láti èdè Faransé, "A Kì í Ṣe Ẹyẹlé" ni. Lọ́dọ̀ tiwọn lọ́hùn-ún, ẹni tí wọ́n bá pè ní ẹyẹlé, ọ̀dẹ̀ tí wọ́n ń lù ní jìbìtì ni wọ́n pè é. Ẹyẹlé ilẹ̀ Yorùbá tó ń bá onílé jẹ, tó ń bá onílé mu, kò mọ nǹkan kan sí ìyẹn o.

Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n kó àwọn wáìnì olówó pọ́ọ́kú jọ, wọ́n ní kí àwọn tó mọ ọtí tọ́ wọn wò, kí wọ́n sì mú èyí tó burú jù lọ. Ìgò tí wọ́n mú, Yúrò 2.50 péré ni wọ́n ń tà á ní súpámákẹ́ẹ̀tì. Ni wọ́n bá bó bébà ara ìgò náà dànù, wọ́n tẹ bébà tuntun tó rẹwà, wọ́n sì fún ọtí náà lórúkọ ńlá: Château Colombier. Ẹni tó bá gbọ́ château, ààfin ọlọ́lá ló máa wá sí i lọ́kàn. Ṣùgbọ́n colombier, ilé ẹyẹlé ni! Wọ́n san owó ìforúkọsílẹ̀ Yúrò 50, wọ́n sì fi ọtí ọ̀hún ránṣẹ́ sí ìdíje wáìnì kan.

Ẹ wá gbọ́ èsì. Góòlù ni wọ́n fún un! Ọtí tí àwọn tó mọ̀ ọ́n ní òun ló burú jù, òun náà ni ìdíje gbé góòlù lé lórí, tí wọ́n tún fi ọ̀rọ̀ dídùn yìn ín, tí wọ́n sì ní kí olówó ẹ̀ wá ra sítíkà tí yóò máa lẹ̀ mọ́ ìgò.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe lu síta, àwọn kan ní ó parí, pé irọ́ ni gbogbo àmì ẹ̀yẹ ara ìgò, látorí tàtijọ́ dórí tòní. Ẹ má tíì yára o. Ẹni tí ejò bù jẹ rí ló ń sá fún ekòló. Inú ọjà kan náà ni olóòótọ́ àti ẹlẹ́tàn ti ń pàtẹ, bẹ́ẹ̀ náà ló rí nínú ìdíje ọtí.

AHỌ́N ẸLÒMÍRÀN

Ẹ wò ó, ẹni tó fẹ́ ra aṣọ á fọwọ́ pa á, á nà án wò, á gbé e síta sínú oòrùn. Ẹni tó fẹ́ ra tòmátì á tẹ̀ ẹ́. Ẹlẹ́mu tó mọṣẹ́, òun fúnra ẹ̀ ló máa kọ́kọ́ bù ú mu kó tó gbé igbá fún oníbàárà. Wáìnì kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti dé e pa láti ìlú tó ti wá, kò sì sí alátajà tó máa gbà kí ẹ ṣí i tọ́ wò nínú ṣọ́ọ̀bù. Ohun tí wọ́n kọ sára ẹ̀, èdè Faransé ni, àbí ti Ítálì, àbí ti Sípéènì. Ìgò mẹ́ta á tò síbẹ̀. Owó èkejì ìlọ́po méjì ti àkọ́kọ́, owó ẹ̀kẹta ìlọ́po mẹ́ta, gbogbo wọn sì pupa bákan náà. Ìyá ìyàwó tó fẹ́ gbé ọtí síwájú àwọn àna kò fẹ́ kí ojú ti òun, bẹ́ẹ̀ ni kò fẹ́ kówó ọjà dànù. Ibẹ̀ ni alátajà á ti nawọ́ sí ohun róbótó kan tó ń dán lára ìgò: "Màámi, ẹ wò ó, góòlù lèyí gbà o!"

Ohun róbótó yẹn, ahọ́n ẹlòmíràn ni. Ohun tó ń sọ ni pé ẹnìkan ti bá yín tọ́ ọtí yìí wò níbì kan, ó sì ní ó dáa. Ta wá lẹni náà? Báwo ló ṣe tọ́ ọ wò? Bí wọ́n bá sì tún gbé ọtí kan náà fún un lọ́la, ṣé ohun tó sọ lánàá ló máa sọ?

Ìdíje ọtí kì í ṣe nǹkan àná. Ní Faransé, láti ọdún 1870 ni wọ́n ti ń ṣe ìdíje ohun oko tí wọ́n ń pè ní Concours Général Agricole, wáìnì sì wà lára ohun tí wọ́n ń dá lẹ́jọ́ níbẹ̀. Ní London, International Wine Challenge bẹ̀rẹ̀ ní 1984. Ìwé ìròyìn Decanter, tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ wáìnì ni iṣẹ́ ẹ̀, dá ìdíje tirẹ̀ sílẹ̀ ní 2004, ó sì ti tóbi débi pé ọtí tí wọ́n gbé wá síbẹ̀ ní 2023 lé ní 18,000.

Ẹni tó po ọtí ló máa fúnra ẹ̀ gbé e wá, òun náà ló máa sanwó. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Ọtí tí olówó ẹ̀ kò bá gbé wá kò lè gba nǹkan kan, bó ti wù kó dáa tó. Àwọn iléeṣẹ́ kan sì wà tí wọ́n ti lórúkọ tipẹ́tipẹ́, tí wọn kì í da ara wọn láàmú lọ síbi ìdíje, torí ọtí wọn á tà bí góòlù kò tiẹ̀ sí lára ẹ̀. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ìgò tí kò ní sítíkà kò dáa.

Wọ́n á bo ìgò tí wọn kò fi ní í rí orúkọ ẹ̀, tàbí kí wọ́n ti rọ ọ́ sínú ife níbi tí ojú adájọ́ kò tó. Adájọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin á jókòó sídìí tábìlì. Wọ́n á wo àwọ̀ ẹ̀, wọ́n á gbóòórùn ẹ̀, wọ́n á gbé e sẹ́nu yí po, wọ́n á wá tu ú sínú garawa. Wọ́n ń tu wáìnì dànù kẹ̀? Bẹ́ẹ̀ ni o! Ẹni tó fẹ́ tọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ife wò lóòjọ́, bó bá ń gbé gbogbo ẹ̀ mì, kó tó di ọ̀sán kò ní mọ ọ̀nà ilé mọ́. Máàkì ni wọ́n á fún ọtí kọ̀ọ̀kan lórí ọgọ́rùn-ún. Nílé Decanter, 86 sí 89 ni idẹ, 90 sí 94 ni fàdákà, 95 àti 96 ni góòlù. Èyí tó bá gba 97 sókè, wọ́n ní àmì kan tó tún ga ju góòlù lọ, platinum ni wọ́n ń pè é.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń bo ìgò? Torí pé ojú ń tan ahọ́n jẹ ni. Ní 2001, àwọn onímọ̀ kan ní Bordeaux tẹ ìwádìí wọn jáde. Akẹ́kọ̀ọ́ 54 tó ń kọ́ iṣẹ́ wáìnì ni wọ́n gbé ọtí fún. Wáìnì funfun ni wọ́n mú, wọ́n sì da aró pupa tí kò lóòórùn sínú ẹ̀. Ni àwọn ọmọ náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í ka òórùn tí wọ́n máa ń gbọ́ lára wáìnì pupa, ọ̀kan tẹ̀lé òmíràn. Ojú ti sọ fún imú pé pupa ni, imú sì gbà. Owó náà ń tanni. Ní 2008, àwọn olùwádìí kan ní California gbé wáìnì kan náà fún àwọn èèyàn lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n kọ́kọ́ pe iye ẹ̀ ní dọ́là 10, wọ́n tún padà pè é ní dọ́là 90. Àwọn èèyàn ní ti dọ́là 90 dùn jù, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ya àwòrán ọpọlọ wọn sì fi hàn pé wọn kò parọ́, ó dùn mọ́ wọn lóòótọ́. Bí ẹ bá rò ó dáadáa, àwọn tó ń ta léèsì ti mọ èyí tipẹ́, wọn kò kàn sọ ọ́ síta ni.

ỌJỌ́ TÍ OJÚ TI ÀWỌN ÀGBÀ NÍ PARIS

Bí bíbo ìgò ṣe lágbára tó, Paris ni wọ́n ti rí i lọ́jọ́ 24 oṣù Karùn-ún ọdún 1976. Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ Steven Spurrier ní ṣọ́ọ̀bù wáìnì níbẹ̀ nígbà náà. Òun àti Patricia Gallagher, ọmọ Amẹ́ríkà tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, pe àwọn àgbà ọ̀jẹ̀ Faransé mẹ́sàn-án jọ sí òtẹ́ẹ̀lì kan. Kì í ṣe àwọn èèyàn yẹpẹrẹ. Aubert de Villaine wà níbẹ̀, ọ̀kan lára àwọn tó ni oko Romanée-Conti, tí owó ìgò ọtí wọn kan lónìí lè ra mọ́tò. Raymond Oliver wà níbẹ̀, olówó ilé oúnjẹ Grand Véfour. Odette Kahn náà wà níbẹ̀, olóòtú ìwé ìròyìn wáìnì tó lórúkọ ní Faransé. Wáìnì funfun mẹ́wàá ni wọ́n gbé síwájú wọn, lẹ́yìn náà pupa mẹ́wàá. Nínú mẹ́wàá kọ̀ọ̀kan, mẹ́fà wá láti California ní Amẹ́ríkà, mẹ́rin sì jẹ́ ti Faransé, àwọn tó gbówó lórí.

Nígbà náà, bí èèyàn bá sọ fún ará Faransé pé wáìnì Amẹ́ríkà dáa, ńṣe ló dà bí ìgbà tí wọ́n bá sọ fún ará Ìsẹ́yìn pé ìlú òyìnbó ni wọ́n ti ń hun aṣọ òkè tó dáa jù.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn gbé ife kan, ó tọ́ ọ wò, inú ẹ̀ dùn, ó ní áà, wọ́n ti padà dé Faransé nìyí. California ni ọtí náà ti wá! Òmíràn tọ́ tirẹ̀ wò, ó yínmú, ó ní ti California lèyí dájú, kò lóòórùn kankan. Ọtí Burgundy ni, láti Faransé níbẹ̀! Gbogbo ilé ìròyìn ni wọ́n pè wá síbi ètò náà, ẹyọ akọ̀ròyìn kan ṣoṣo ló yọjú, George Taber ti ìwé ìròyìn Time. Ìwé tó to orúkọ àwọn ọtí náà sì wà lọ́wọ́ ẹ̀, nítorí náà ó ń gbọ́ ohun tí àwọn àgbà ń sọ, ó sì ń rí ohun tó wà nínú ife.

Nígbà tí wọ́n ro máàkì pọ̀, Chateau Montelena ti ọdún 1973 láti California ló ṣe ipò kìíní nínú funfun. Wọ́n ṣe ti pupa, California tún ni: Stag's Leap Wine Cellars, ti 1973 náà. Château Mouton Rothschild, tó jẹ́ pé ọdún 1973 gan-an ni ìjọba Faransé gbé e wọ ipò àkọ́kọ́ láàárín àwọn ọtí Bordeaux, ipò kejì ló ṣe. Odette Kahn ní kí wọ́n dá ìwé tóun fi kọ máàkì padà fóun. Wọn kò dá a padà.

Ta ló po àwọn ọtí wọ̀nyí? Mike Grgich ló po ti Montelena. Ọmọ Croatia ni, ó kúrò nílé nígbà ìjọba Kọ́múníìsì, ó sì dé àfonífojì Napa ní 1958 láìní nǹkan kan lọ́wọ́ tó ju iṣẹ́ tó mọ̀ lọ. Ẹni ọgọ́rùn-ún ọdún ni nígbà tó kú ní oṣù Kejìlá 2023. Warren Winiarski tó po ti Stag's Leap, olùkọ́ ni tẹ́lẹ̀ ní Yunifásítì Chicago kó tó kó ìyàwó àtàwọn ọmọ lọ sí California ní 1964 láti lọ kọ́ṣẹ́ ọtí látìbẹ̀rẹ̀. Òun náà kú ní oṣù Kẹfà 2024. Ìgò kọ̀ọ̀kan irú ọtí méjèèjì wà nílé àkójọ ohun ìtàn Smithsonian ní Washington di bí a ti ń wí yìí.

Ibi tí ìdíje ti wúlò jù lọ nìyẹn. Kò sẹ́ni tó máa dédé ra ọtí àlejò tí kò lórúkọ, tí kò ní bàbá ńlá. Àfi kí ẹnìkan tó mọ̀ ọ́n tọ́ ọ wò láìmọ ọmọ ẹni tó jẹ́, kó sì jẹ́rìí sí i. Oníṣọ̀nà tó wà ní kọ̀rọ̀ ìlú, tí iṣẹ́ ẹ̀ dáa ju ti ọ̀gá tó wà lójú títì lọ, á mọ ohun tí irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ ń ṣe fún èèyàn. Spurrier náà ló padà wá jẹ́ alága ìdíje Decanter láti ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀, kó tó kú ní 2021.

Ṣùgbọ́n ahọ́n mẹ́sàn-án, lọ́sàn-án ọjọ́ kan ṣoṣo, ló dájọ́ yẹn ní Paris. Bí wọ́n bá tún un ṣe lọ́jọ́ kejì ńkọ́? Ọkùnrin kan wà tí irú ìbéèrè yìí kò jẹ́ kó sùn.

Ọ̀JỌ̀GBỌ́N TÓ DÁN ÀWỌN ADÁJỌ́ WÒ

Robert Hodgson lorúkọ ẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ òkun ni, ní Yunifásítì Humboldt ní California, ó sì mọ ìṣirò dunjú. Yàtọ̀ sí iṣẹ́ tíṣà, ó ní iléeṣẹ́ wáìnì kékeré kan ní abúlé Fieldbrook. Bíi gbogbo oníwáìnì kékeré, ó ń gbé ọtí ẹ̀ lọ síbi ìdíje, ó ń sanwó, ó ń retí. Ohun tó ń yà á lẹ́nu ni pé ọtí kan náà tó gba góòlù níbí, wọn kì í fún un ní nǹkan kan lọ́hùn-ún, kódà idẹ. Ọtí kò yí padà. Kí ló wá yí padà? Ẹlòmíràn á bínú, á ní ojúsàájú ni wọ́n ń ṣe, á ní wọn kò fẹ́ràn òun. Hodgson kò bínú. Ó gbé bírò.

Ó wà lára ìgbìmọ̀ tó ń gba ìdíje California State Fair nímọ̀ràn. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kóun dán àwọn adájọ́ wò, àwọn tó ń ṣètò ìdíje sì gbà. Ó yẹ kéèyàn yìn wọ́n fún ìyẹn, torí ilé ìdíje mélòó ló máa gbà kí wọ́n wá yẹ̀yìn tòun wò?

Láti 2005 dé 2008 ni wọ́n fi ṣe é. Àádọ́rin adájọ́ tàbí díẹ̀ dín ni wọ́n ń dán wò lọ́dọọdún, mẹ́rin mẹ́rin lórí tábìlì. Wọ́n á gbé nǹkan bí ọgbọ̀n ife síwájú wọn. Láàárín ife wọ̀nyí, àwọn kan wà tí wọ́n bù lẹ́ẹ̀mẹ́ta láti inú ìgò kan ṣoṣo. Ìgò kan náà, ọjọ́ kan náà, adájọ́ kan náà. Bí káfíńtà bá wọn pákó kan lẹ́ẹ̀mẹ́ta tó bá iye mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, pákó kọ́ ló máa kọ́kọ́ bú, téèpù ẹ̀ ló máa yẹ̀ wò. Téèpù ni Hodgson ń yẹ̀ wò.

Èsì tó jáde nínú ìwé ìmọ̀ kan ní 2008 mú ọ̀pọ̀ èèyàn lómi. Nínú adájọ́ mẹ́wàá, nǹkan bí ẹyọ kan ló fún ife mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní máàkì tó wà nípò kan náà. Nínú mẹ́wàá yẹn, ẹyọ kan tún wà tó jẹ́ pé ó máa ń fún ọtí kan náà ní idẹ níbí, kó wá fún un ní góòlù bí ife kejì bá dé. Àwọn tó kù wà láàárín. Ẹ sì rántí, wọn kì í ṣe ọmọdé. Àwọn tó ń fi wáìnì jẹun ni.

Hodgson kò dúró níbẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, 2009, ó gbé èsì ìdíje 13 ní Amẹ́ríkà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ọtí tó lé ní 4,000. Ó ṣa àwọn tí wọ́n gbé lọ sí ìdíje tó ju mẹ́ta lọ, wọ́n jẹ́ 2,440. Nínú àwọn wọ̀nyí, 47 nínú ọgọ́rùn-ún gba góòlù níbì kan. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó gba góòlù yẹn gan-an, 84 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló tún lọ síbòmíràn tí wọn kò gba ohunkóhun! Ìṣirò ẹ̀ sì fi hàn pé bí ọtí ṣe gba góòlù níbì kan kò sọ nǹkan kan nípa bóyá yóò gbà á níbòmíràn. Oríire wà nínú ẹ̀, ó sì pọ̀.

Ẹ má rò pé àwọn adájọ́ ń gba rìbá. Ẹnu ló ń rẹ̀. Ìyá alásè tó ń se ọbẹ̀ ìnáwó láti òru mọ́jú, tó bá di ìkòkò kẹwàá, ọmọdé ló máa pè pé kó bá òun tọ́ iyọ̀ wò, torí ahọ́n tirẹ̀ ti kú. Ẹni tó sì fi ṣúgà sẹ́nu kó tó jẹ ọsàn, á ní ọsàn kan. Bẹ́ẹ̀ ni ife tó ṣáájú ṣe ń ba ti èyí tó tẹ̀lé e jẹ́.

Ohun kan tún wà nínú ìwádìí Hodgson tí àwọn tó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ kì í sọ. Ó rí i pé ọ̀rọ̀ àwọn adájọ́ dúró sójú kan lórí ọtí tí wọn kò fẹ́ ju èyí tí wọ́n fẹ́ lọ. Ọtí tó ti kan bíi fínígà, èyí tí kọ́ọ̀kì tó hu ti bà jẹ́ tó ń rùn bí aṣọ tó bù, wọ́n á mọ̀ ọ́n. Fún ẹni tó fẹ́ ra ìgò mẹ́fà fún ìnáwó, ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré. Ìdíje tó dáa lè máà mọ èyí tó dùn jù, ṣùgbọ́n ó sábà máa ń mọ èyí tí kò yẹ kó dé orí tábìlì.

BÍ ẸNI TÓ FẸ́ RÀ Á ṢE LÈ WÒ Ó

Kí ẹ kọ́kọ́ ka sítíkà náà. Orúkọ ìdíje gbọ́dọ̀ wà lára ẹ̀, ọdún gbọ́dọ̀ wà lára ẹ̀. Àwọn ohun róbótó aláwọ̀ góòlù kan wà tó jẹ́ pé olówó ọtí ló tẹ̀ ẹ́ fúnra ẹ̀. Á kọ "Premium" sí i, tàbí "Selection", tàbí kó ya adé sí i. Kò bá ẹnikẹ́ni díje. Ẹ̀ṣọ́ lásán nìyẹn, bí ìlẹ̀kẹ̀ lára bàtà.

Ọdún ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ. Àjàrà ọdún kan kò dà bíi ti ọdún mìíràn, bí iṣu ọdún tójò dáa kò ṣe dà bíi ti ọdún ọ̀dá. Àmì ẹ̀yẹ tí wọ́n fún ọtí àjàrà 2018 kò kan ọtí àjàrà 2021, bí oko bá tiẹ̀ jẹ́ ọ̀kan. Àwọn oníṣòwò kì í fẹ́ kí góòlù gbó o. Ọbẹ̀ inú agolo Campbell's ti Amẹ́ríkà gba góòlù ní Paris ní 1900, wọ́n sì ń tẹ àwòrán góòlù yẹn sára agolo wọn fún ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Ẹni tó sè é ní 1900 ti kú tipẹ́.

Kí ẹ tún wo irú ìdíje tó jẹ́. Àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àjàrà àti wáìnì, OIV, ní òfin kan: ìdíje tó bá wà lábẹ́ ọ̀pá àṣẹ òun kò gbọdọ̀ fún ju ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún ọtí tó wá lọ ní àmì ẹ̀yẹ. Níbi tí mẹ́ta bá ti gba nǹkan nínú mẹ́wàá, àmì náà ṣì lórúkọ. Níbi tí gbogbo ẹni tó sanwó bá ti ń gbé nǹkan relé, ẹ lè máa bi ara yín pé ta gan-an ni oníbàárà ìdíje náà. Ní International Wine Challenge, wọ́n ń tọ́ ọtí tó máa gba àmì ẹ̀yẹ wò nígbà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kí wọ́n tó fún un, ìyẹn sì ṣe díẹ̀ sí àìsàn tí Hodgson rí. Bákan náà, ìgò tí ìdíje ńlá méjì tàbí mẹ́ta fún ní fàdákà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó ṣeé gbà gbọ́ ju ìgò tí ẹyọ ìdíje kan tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ orúkọ ẹ̀ rí fún ní góòlù. Púpọ̀ nínú àwọn ìdíje gidi ló ń kó èsì wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọmọ tó ní fóònù lọ́wọ́ lè bá ẹ wò ó kí ẹ tó sanwó.

Ọ̀rọ̀ kan ń bẹ tó máa ń dá ìjà sílẹ̀ lóde ìnáwó. Èèyàn á ra wáìnì olówó gọbọi tó gba góòlù, àlejò á mu ún, á yínmú, á ní ó kan. Ọtí náà kò bà jẹ́, bẹ́ẹ̀ sì ni àlejò kò parọ́. Àwọn adájọ́ kì í dá wáìnì lẹ́jọ́ lórí dídùn bíi ti mínírà. Ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń fún ní góòlù kò fi bẹ́ẹ̀ ní ṣúgà. Ẹni tó fẹ́ dídùn, kó wá "sweet" tàbí "doux" lára ìgò. "Demi-sec" ní ṣúgà díẹ̀. "Dry", "sec" tàbí "brut", kò sí adùn ṣúgà tó máa hàn lẹ́nu níbẹ̀, bí góòlù mẹ́wàá tiẹ̀ wà lára ẹ̀.

Oòrùn kò sì mọ góòlù. Wáìnì tí wọ́n to síwájú ṣọ́ọ̀bù tí oòrùn ń pa á láti àárọ̀ dalẹ́, tó lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan bẹ́ẹ̀, ti di nǹkan mìíràn sí èyí tí àwọn adájọ́ tọ́ wò ní London. Ìgò tó wà lẹ́yìn, níbi tó tutù, ni kí ẹ ní kí wọ́n gbé fún yín.

Ní Nàìjíríà, sítíkà góòlù kò sì lè rọ́pò nọ́ńbà NAFDAC. Ohun ọ̀tọ̀ ni méjèèjì. Góòlù ń sọ pé ọtí kan dùn lẹ́nu àwọn kan. Nọ́ńbà NAFDAC ń sọ pé ìjọba mọ̀ pé ó wọlé, pé ó ní àṣẹ láti wà lórí igbá. Ẹlẹ́tàn tó lè tẹ bébà ìgò lè tẹ góòlù náà, kódà góòlù ló rọrùn jù láti tẹ̀. Nítorí náà, bí alátajà bá ń fi góòlù hàn yín ṣáá tí kò fẹ́ kí ẹ yí ìgò sẹ́yìn wá nọ́ńbà, kí ẹ rọra gbé e padà sórí igbá, kí ẹ kọjá sí ṣọ́ọ̀bù kejì.

Àwọn tó ń ta wáìnì lè ní tiwọn láti sọ sí èyí, pàápàá àwọn tí oníbàárà ti gbé ìgò góòlù padà wá bá rí pé ó kan. Ojú ewé lẹ́tà ń retí wọn.